Fádà Ní Ẹnu Hàúwà Ni Òun Ti Fẹ́ Gbọ́ Ọ

Aṣọ ìyàwó ti gba ọwọ́ Hàúwà kọjá lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé òun náà yóò wọ̀ ọ́. Ilé ìlọṣọ kan ló ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ìgboro Bouaké, èyí tí wọ́n ń pè ní prẹ́sìn níbẹ̀. Bí ó bá ti di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn aṣọ funfun gígùn yóò máa wọlé, èyí tí wọ́n yá, èyí tí wọ́n jogún, èyí tí ẹnì kan ti fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ya ní ìdí. Hàúwà mọ bí a ṣe ń lọ léèsì tí áyọ́ọ̀nù kò fi ní jó o. Ó mọ̀ pé ìyàwó tó bá làágùn jù nínú ṣọ́ọ̀ṣì, abíyá aṣọ rẹ̀ kò ní funfun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni ìbéèrè tí wọ́n ń bi ìyàwó kí ó tó di pé ó wọ aṣọ náà.

Ọmọ Bùràímọ̀ alágádágodo ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bùràímọ̀ ti wá nígbà tí kò tí ì ní irùngbọ̀n, ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó gbé àgádágodo kiri títí ó fi ní ìsọ̀ tirẹ̀ nínú ọjà ńlá. Bouaké ni wọ́n bí Hàúwà sí. Ibẹ̀ ló ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé, ibẹ̀ ló ti kọ́ Faransé, ó ń fi Jùlá ná ọjà, ó sì gbọ́ Bàwúlé, èdè àwọn onílẹ̀, tó èyí tí a fi ń kí èèyàn tí a sì fi ń bú u. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Faransé, ó sì ń ka ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbé òun padà sílé.

Àwọn ọdún tí mò ń wí yìí le koko. Owó sẹfà ti já sí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹja tútù ti di oúnjẹ ọdún, ọ̀rọ̀ tuntun kan sì ti gba orí rédíò àti ẹnu èèyàn, wọ́n ń pè é ní ivoirité, ìyẹn jíjẹ́ ojúlówó ọmọ onílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé túmọ̀ rẹ̀ gígùn. Fún ẹni tó bá ń jẹ́ Bùràímọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ìbéèrè kan lọ: ìwọ, níbo lo ti wá gan-an?

Hàúwà ń ti Brobo bọ̀ lọ́jọ́ kan, ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bímọ, nígbà tí wọ́n dá ọkọ̀ wọn dúró lójú ọ̀nà. Ọkùnrin tó wọ aṣọ ìjọba ní kí olúkúlùkù mú ìwé jáde. Hàúwà na ìwé ìbí rẹ̀ sí i. Ọkùnrin náà ka orúkọ rẹ̀ sókè, ó ka orúkọ bàbá rẹ̀ sókè, ó ní, "Anago," bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀. Hàúwà ní Bouaké ni wọ́n bí òun sí, pé ó wà nínú ìwé náà. Ọkùnrin náà ní òun rí i. Ó wá ya ìwé náà sí méjì, ó tò ó léra, ó tún un ya, ó kó o lé e lọ́wọ́, ó ní kí ó kó o lọ sílé wọn. Àwọn èrò ọkọ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Nígbà tó délé, ó sọ fún bàbá àti ìyá rẹ̀ pé ìwé òun sọnù. Kò sunkún. Èyí tó ya òun gan-an lẹ́nu ni pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó jẹun, oúnjẹ kò dùn, kò korò. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ní prẹ́sìn, áyọ́ọ̀nù jó o lọ́rùn ọwọ́, òórùn ẹran tó ń jó ló kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó mọ̀ pé ara òun ni. Ọ̀gá rẹ̀ pariwo, ó fi omi sí i. Hàúwà ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti oníbàárà kan ni.

Àárín ìgbà yẹn ni Firmin dé. Bàwúlé ni, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò Broukro, Kátólíìkì tí wọ́n ti ìdílé bí sínú ẹ̀sìn náà, tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ṣẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ ń gbé wá. Nígbà tó yá, ṣẹ́ẹ̀tì tí kò dọ̀tí ló ń gbé wá, gbogbo prẹ́sìn sì ti mọ ohun tó ń wá kí òun fúnra rẹ̀ tó sọ ọ́. Èèyàn dáadáa ni Firmin. Kí n sọ bẹ́ẹ̀ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá ẹ̀bi rẹ̀ kiri nínú ìtàn yìí. Ó sọ fún Hàúwà pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Hàúwà wolẹ̀. Firmin rò pé ojú ló ń tì í, ó lọ kó àwọn àgbàlagbà ilé wọn wá láti Mamini, abúlé wọn, wọ́n wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Bùràímọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bá Bùràímọ̀ níbi tí kò ti rójú sùn. Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri ọjà pé wọ́n máa tún ìsọ̀ pín, pé ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún, pé àlejò ni yóò gba èyí tó bá ṣẹ́kù bí èyíkéyìí bá ṣẹ́kù. Ìsọ̀ náà ni Bùràímọ̀ ní láyé. Òun ló fi bọ́ ọmọ, òun ló fi sin ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ẹnì kan wá ṣàlàyé fún un pé obìnrin àlejò tó bá fẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí lọ́nà òfin, ọmọ ilẹ̀ yìí lòun náà di lọ́jọ́ náà gan-an. Bí Hàúwà bá ti di ọmọ onílẹ̀, a lè kọ ìsọ̀ sí orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Bùràímọ̀ ti fẹ́ràn Firmin bí ọmọ inú rẹ̀.

Ó pe Hàúwà sí pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ Sákínátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Hàúwà, ọmọkùnrin yìí ní ìwọ lòun fẹ́. Kí lo wí sí i?"

Hàúwà kúnlẹ̀, ó tẹ orí ba, kò sọ̀rọ̀.

Bùràímọ̀ mi orí. "Ó ti tán. Àwọn alfa wa ti sọ fún wa tipẹ́ pé dídákẹ́ wúńdíá ni gbígbà rẹ̀."

"Bàbá Hàúwà," ìyá rẹ̀ ní, "ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ jẹ́ ó sọ̀rọ̀."

"Ojú ń tì í ni. Ìwọ náà dákẹ́ nígbà tí wọ́n bi ọ́ lórí tèmi, ṣé o kábàámọ̀ ni?"

Sákínátù náà dákẹ́.

Bí ó bá ṣe ti ẹ̀sìn ni, ẹ̀sìn kan náà tó fún Bùràímọ̀ ní gbólóhùn yẹn kò fún un láyè láti fi ọmọ rẹ̀ fún onígbàgbọ́. Alfa àdúgbò wá bá a sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bùràímọ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin, ó wá bi í pé, "Alfa, tí wọ́n bá gba ìsọ̀ mi, ṣé mọ́sálásí á fún mi ní òmíràn?" Alfa kò rí èsì fọ̀. Bùràímọ̀ ka ìyẹn náà sí gbígbà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé ìgbéyàwó Kátólíìkì kò ju agogo àti òdòdó lọ, ẹ bá mi bi Firmin. Wọ́n gba ìwé ìrìbọmi rẹ̀, ó di dandan kí ó padà sí Mamini lọ mú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ wá. Wọ́n gba ìwé ìbí àwọn méjèèjì, wọn kò fẹ́ èyí tó ti gbó. Nítorí pé Hàúwà kò ṣe ìrìbọmi, bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ni yóò yọ̀ǹda kí ìgbéyàwó náà tó lè dúró. Firmin sì ní láti ṣèlérí pé òun yóò sa ipá òun kí wọ́n lè ṣe ìrìbọmi fún ọmọ tí wọ́n bá bí, kí Hàúwà sì gbọ́ ìlérí náà létí ara rẹ̀. Kò ní sí Máàsì lọ́jọ́ náà, ìbùkún nìkan ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti lọ sí mairie, ilé ìjọba ìlú, ṣáájú, nítorí ẹni tí ìjọba kò bá tí ì so pọ̀, Fádà kò gbọdọ̀ so ó. Kí ó tó dé ibẹ̀, wọn yóò ka orúkọ wọn jáde níwájú ìjọ láwọn ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta tẹ̀léra, pé ẹni tó bá mọ ìdí tí àwọn méjèèjì kò fi gbọdọ̀ fẹ́ra kí ó wá sọ ọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n ń lọ sí ẹ̀kọ́ àwọn àfẹ́sọ́nà nínú gbọ̀ngàn ìjọ ní Broukro. Àwọn olólùfẹ́ mìíràn ń di ọwọ́ ara wọn mú lábẹ́ tábìlì. Olùkọ́ni-ní-katikísìmù ń bi wọ́n ní ìpìlẹ̀ ìgbéyàwó, gbogbo wọn á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ohùn ìfẹ́-inú ẹni méjì ni, kì í ṣe òrùka, kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe ẹbí. Hàúwà dáhùn pẹ̀lú wọn. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Bàwúlé pé àwọn Anago ti mọ ọgbọ́n tuntun, ìwé ni wọ́n ń wá, ọkọ ni wọ́n ń mú. Hàúwà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń retí kí inú bí òun, inú kò bí i. Ó wo wíńdò títí wọ́n fi parí.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ kù díẹ̀ kó parí, Fádà Ambroise pè wọ́n fún ìbéèrè. Ọkùnrin àgbà tó sanra díẹ̀ ni, tó máa ń ti awò ojú rẹ̀ sókè bó bá ń ronú. Ó kọ́kọ́ pe Firmin wọlé lóun nìkan, lẹ́yìn náà ló pe Hàúwà, ó sì ti ilẹ̀kùn. Hàúwà kò rò ó pé wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ nípa òun láti ọjọ́ tó ti dáyé, níwájú bàbá, ìyá, alfa àti aládùúgbò ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Fádà bi í bóyá ó ti fẹ́ ẹlòmíràn rí. Ó ní rárá. Ó bi í bóyá ó mọ̀ pé ìgbéyàwó yìí kò ní ìtúká. Ó ní òun mọ̀. Fádà wá gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé, ó wò ó.

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ ẹ, tí kò sí ẹni tó fi ipá mú ọ, tí kì í ṣe ìbẹ̀rù ló gbé ọ wá?"

Hàúwà tẹ orí ba.

Fádà dúró. Aago ń lọ lára ògiri. "Ọmọ mi, mo bi ọ́ ní nǹkan."

Hàúwà tún tẹ orí ba sí i. Nílé wọn, ìdáhùn tó pé ni. Ó tilẹ̀ fi ìka fa etí gèlè rẹ̀ bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣe.

"Mi ò lè kọ orí tí o tẹ̀ ba sílẹ̀," ni Fádà wí, kò sì fi ìbínú sọ ọ́. "Níbí, ẹni tó dákẹ́ kò tí ì sọ nǹkan kan. Mo gbọ́dọ̀ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó sì jẹ́ láti ẹnu rẹ."

Hàúwà ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ọmọ ọdún méjì lè sọ ọ́. Ó wá inú ara rẹ̀ bóyá ó fẹ́ Firmin, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wá a bóyá kò fẹ́ ẹ, kò rí ìyẹn náà. Ibẹ̀ ṣófo, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀rù bà á díẹ̀, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan máa bi í ní ohun tó fẹ́ tí onítọ̀hún sì máa jókòó ti ìdáhùn. Fádà pa ìwé náà dé. Ó ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí Hàúwà má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a rò ó.

Bí Bùràímọ̀ ti gbọ́ pé Fádà kò kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbà pé àìgbọ́ra-ẹni-yé ni. Ó wọ agbádá funfun tó ń wọ̀ lọ kírun ọdún, ó dé fìlà, ó wọ takisí lọ sí Broukro. Fádà Ambroise ń bu omi sí òdòdó lẹ́yìn ilé nígbà tó dé.

Bùràímọ̀ ní, "Mon père, mo wá dáhùn."

"Ẹ wá dáhùn kí ni, Bàbá?"

"Ọ̀rọ̀ tí ẹ bi ọmọ mi. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọbìnrin kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọkọ. Bàbá rẹ̀ ló ń bá a sọ ọ́, alfa á sì so ó. Èmi ni bàbá rẹ̀. Mo ní oui, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Fádà gbé agolo omi kalẹ̀. Wọ́n ní ó fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó jáde. Ó fún Bùràímọ̀ ní àga, ó fún un lómi mu.

"Bàbá, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ oui yẹn, ẹ̀yin ni Firmin á gbé lọ sílé."

Bùràímọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní Faransé, ó tún un ṣe ní Jùlá. Fádà mi orí sí gbogbo rẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún un, kò sì yẹ̀ rárá. Ó ní ẹnu Hàúwà lòun ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Ojú ọ̀nà ni Bùràímọ̀ ti tún ọ̀rọ̀ náà rò, ó sì rí ojútùú rẹ̀. Ohùn ni Fádà fẹ́, ohùn ni yóò rí. Ó pe Hàúwà sí pálọ̀.

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Oui," ni Hàúwà wí.

"Fádà yẹn ti dàgbà, etí rẹ̀ lè má ṣí dáadáa. Gbé ohùn sókè."

"Oui."

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Má wolẹ̀."

"Oui."

Sákínátù ń gún ata lẹ́yìn ilé. Ó dáwọ́ dúró, wọn kò sì gbọ́ ìró odó náà mọ́ títí di alẹ́. Bùràímọ̀ ní ó ti dára bẹ́ẹ̀. Hàúwà lọ sùn. Kò nira fún un rárá, ó lè sọ ọ́ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó ti pinnu pé òun yóò sọ ọ́ fún Fádà náà, kí gbogbo wọn lè sinmi.

Ọjọ́ kejì, Firmin mú un lọ sí mairie lọ gba ìwé ìbí tuntun. Wọ́n tò pẹ́, oòrùn mú. Nígbà tí ìwé náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́, Firmin mú un, ó kà á, ó rọra fi í sínú àpòòwé. Òun nìkan ni Hàúwà ti sọ ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà Brobo fún.

"Tí a bá ti ṣe é tán," Firmin wí, inú rẹ̀ dùn, "kò sí ẹni tí yóò lè ya ìwé rẹ mọ́. Ìwọ náà á di ará ibí."

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ti ń wọ takisí. Hàúwà ṣàkíyèsí pé nǹkan kan ń gún òun nínú, ó kéré, kò dùn mọ́ ọn, bí ẹsẹ̀ tó ti kú ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ jí. Ó gbìyànjú láti mọ ohun tó fà á. "Á di ará ibí" ni. Ta ni ó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀? Ìwé tó wà nínú àpòòwé yẹn sọ pé Bouaké ni wọ́n bí i sí. Èyí tí wọ́n ya náà sọ ohun kan náà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn mẹ́ta ló lọ. Bùràímọ̀ ní òun kò ní wọlé, òun kàn fẹ́ wà nítòsí. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú agbádá rẹ̀, Firmin jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé Fádà. Fádà ti ilẹ̀kùn, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó bi í ní ìbéèrè kan náà.

Hàúwà ya ẹnu láti sọ oui tí wọ́n kọ́ ọ. Ó wá bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń béèrè nǹkan.

"Mon père, bí èèyàn kò bá mọ nǹkan kan lára, ṣé ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Láti ìgbà wo ni o kò ti mọ nǹkan lára?"

Ó sọ ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà Brobo fún un. Kò gùn, ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kan fi ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣe kò lè gùn. Fádà kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Firmin fẹ́ràn rẹ," ó ní.

"Mo mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó wá kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ǹ bá ti mọ̀ bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí mo bá fẹ́ ẹ, nǹkan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ni mo ń fi ọkọ rà padà. Á túmọ̀ sí pé ọkùnrin yẹn jàre, pé n kì í ṣe ará ibí títí ẹnì kan fi fẹ́ mi. Mi ò lè jókòó sílé ọkọ pẹ̀lú ìyẹn. Ojoojúmọ́ ni n ó máa wo Firmin tí n ó máa rí ọkùnrin yẹn."

"Nítorí náà, kí ni ìdáhùn rẹ?"

"Rárá," ni Hàúwà wí. Ohùn rẹ̀ jáde ketekete, ó dé etí Firmin níta lórí àtẹ̀gùn.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, Firmin ti dìde. Kò bá a jà. Ó bi í bóyá òun ṣe nǹkan kan tí kò dára, Hàúwà ní kò ṣe nǹkan kan. "Mo kàn fẹ́ kí o ní ibi tí o máa pè ní tìẹ," ni Firmin wí, omi sì lé sí i lójú. Hàúwà ní òun ní ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Firmin mú àpòòwé tí ìwé ìbí rẹ̀ wà nínú rẹ̀ jáde láti inú àpò, ó fi lé e lọ́wọ́, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Bùràímọ̀ kò rí ìyẹn. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló rí tó ń bọ̀ wá sábẹ́ igi, ó sì dìde, ó tún agbádá ṣe.

"Ó gbọ́ ohùn rẹ?"

"Ó gbọ́ ọ, Bàbá."

"Alihamudulilahi! Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní bí o bá ti gbé e sókè..."

"Mo ní mi ò fẹ́, Bàbá."

Bùràímọ̀ wò ó. Ó jókòó padà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ìbínú kò sí níbẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Mo bi ọ́ nílé. O dákẹ́."

"Ẹ bi mí lóòótọ́. Ẹ ò dúró."

"Ìsọ̀ ńkọ́, Hàúwà? Wọ́n máa gbà á."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì ṣe é. Kí ló ṣe ọ́?"

Ní Yorùbá ni ó wá sọ fún un, bí wọ́n ṣe dá ọkọ̀ dúró, bí wọ́n ṣe ka orúkọ òun jáde, bí wọ́n ṣe ka orúkọ Bàbá jáde, bí ìwé náà ṣe di mẹ́rin, pé kò sọnù, pé òun purọ́ fún wọn. Bùràímọ̀ ń gbọ́, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀ sórí itan.

"Nígbà tí ọkùnrin náà kó o lé ọ lọ́wọ́," ó bi í, "kí lo sọ fún un?"

Hàúwà kò fẹ́ sọ ìyẹn. Kò sọ ọ́ fún Firmin, kò sọ ọ́ fún Fádà.

"Mo ní merci, Bàbá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Bùràímọ̀ di ojú rẹ̀. Ó rántí gbogbo ọdún tó ti ń na káàdì ìgbélùú sí àwọn ọlọ́pàá lẹ́nu ọjà, tó ń tẹrí ba, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ merci fún ẹni tó bú u àti ẹni tó gba àgádágodo lọ́wọ́ rẹ̀ láìsanwó, pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan tó di ìdí agbádá rẹ̀ mú tó ń wò ó.

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ó ní. "Ọmọ mi, èmi ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn."

Ó na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ibi tí áyọ́ọ̀nù jó. Hàúwà jókòó tì í sórí ilẹ̀ lábẹ́ máńgòrò náà. Ó wá dùn ún, ti ọwọ́, ti ìwé, ti Firmin tó lọ láìbojúwẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dùn ún gan-an, kò sì fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.